Òdòdó iwájú ilé kan ní Bowie: wàhálà mẹ́ta tí wọ́n pè ní ẹyọ kan

Ilé náà wà ní Bowie, ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland, àgbègbè tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí dáadáa. Ó kọjú sí gúúsù. Láàárín ògiri ilé àti ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, àlà òdòdó kan wà níbẹ̀ tó gùn ní mítà 5, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90. Ìlà mẹ́ta ni tọkọtaya onílé gbin black-eyed Susan, òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò tí àárín rẹ̀ dúdú, sí, 16 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n gbìn ín. Lọ́dún kejì, ẹni tó bá ń kọjá lọ á dúró wò ó. Lọ́dún kẹta, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí òtútù ọdún náà fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, 24 ti kú nínú 48, ìdajì géérégé.

Aládùúgbò kan ní ilẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ilé ìtajà kan ní kí wọ́n ra oògùn fífọ́n. Alágbàṣe kan wá, ó ní òun á gbẹ́ ilẹ̀ náà kúrò títí dé sẹ̀ǹtímítà 30, òun á sì da ilẹ̀ tuntun sí i. Màmá onílé ti ń múra àtisan owó náà kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́bìrì kan ìdí òdòdó kan láti wo ohun tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wò ó tán, ilẹ̀ kò jẹ̀bi. Ohun mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan ló pàdé nínú àlà kan náà: ikú tó bọ́ sí àsìkò rẹ̀, àrùn ewé tí kì í sábà pa òdòdó, àti omi tó ń jẹ ìdí òdòdó nígbà òtútù. Oògùn tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n rà kò lè ran èyíkéyìí lọ́wọ́ nínú àwọn méjì tó ń pa òdòdó gan-an. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ̀ràn yìí sílẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, torí ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní iwájú ilé púpọ̀, owó sì ń lọ sórí ohun tí kò yẹ.

Orúkọ kan, ọjọ́ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Black-eyed Susan ti jẹ́ òdòdó ìpínlẹ̀ Maryland láti ọdún 1918. Rudbeckia hirta ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Linnaeus, onímọ̀ ewéko, ló sọ ẹbí náà ní Rudbeckia, ní ìrántí Olof Rudbeck àti ọmọ rẹ̀ tí òun náà ń jẹ́ Olof, ará Uppsala ní Sweden. Àmọ́ tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó, irú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ Black-eyed Susan yìí, ọjọ́ orí wọn kò sì dọ́gba rárá.

Ìlà méjì tó sún mọ́ ògiri, ewéko 32, jẹ́ 'Goldsturm', tó wá láti ara Rudbeckia fulgida. Heinrich Hagemann ló ṣàkíyèsí irú yìí ní 1937, Karl Foerster sì gbé e jáde fún títà ní Jámánì ní 1949. Ní 1999, Perennial Plant Association ní Amẹ́ríkà yàn án ní ewéko ọdún náà, láti ìgbà náà ni kò sì ti sí ilé ìtajà òdòdó tí kò ní i. Ewéko tó ń pẹ́ láyé ni. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó fi jẹ́ pé láàárín ọdún mẹ́ta, ìdí kan ti di agbo.

Ìlà iwájú, 16, wá láti ilé ìtajà mìíràn. Black-eyed Susan nìkan ni wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà kéékèèké kọ 'Indian Summer' sábẹ́ rẹ̀. Rudbeckia hirta nìyẹn. Òdòdó rẹ̀ tóbi, ó tó sẹ̀ǹtímítà 15 ní ìbú, ìdí tí wọ́n fi rà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún kan sí méjì ni hirta sábà máa ń lò, nígbà mìíràn mẹ́ta. Tó bá ti yọ òdòdó dáadáa, tó so, iṣẹ́ rẹ̀ parí, yóò kú. Ìrọ́pò rẹ̀ wà nínú irúgbìn tó dà sílẹ̀. Nínú àlà yìí, irúgbìn kò rí ilẹ̀ fọwọ́ kàn, nítorí èèpo igi gígé tí wọ́n fi bo ilẹ̀ ti nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Mẹ́ta péré ló hù, ẹ̀bá kọnkéré ni wọ́n sì hù sí, níbi tí èèpo igi kò dé. Bí ìlà iwájú ṣe kú tán lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rò pé ooru kọnkéré ló pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló pé.

Tí kò bá sí àkọlé lára ìkòkò, ọwọ́ lè sọ ìyàtọ̀ fún yín. Ẹ mú ọ̀pá ewéko náà sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, kí ẹ fà á lọ sókè jẹ́jẹ́. Ti hirta á ha yín lọ́wọ́: irun funfun líle bò ó láti ìdí títí dé ọrùn òdòdó, ó bo ewé náà pẹ̀lú, èyí tó jẹ́ kí àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣe bíi pé eruku díẹ̀ wà lára rẹ̀. Ewé 'Goldsturm' fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣú dúdú, irun rẹ̀ kò tó nǹkan. Tí ẹ bá wá họ ìdí wọn díẹ̀, hirta dá dúró lórí gbòǹgbò tirẹ̀ nìkan, 'Goldsturm' ti na ọmọ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ohun mìíràn tó tan wọ́n jẹ ni pé inú oṣù Karùn-ún ni wọ́n rà á, tòun ti òdòdó lórí. Inú ilé olóoru ni wọ́n ti fi agbára mú un yọ òdòdó ṣáájú àsìkò. Ní ìta gbangba ní Maryland, ìparí oṣù Kẹfà ni òdòdó yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kódà ní eré ẹṣin Preakness ní Maryland, tí wọ́n ń sá ní oṣù Karùn-ún, aṣọ òdòdó tí wọ́n ń fi sọ́rùn ẹṣin tó gba ipò kìíní kì í ṣe black-eyed Susan gidi. Òdòdó mìíràn tó jọ ọ́ ni wọ́n ń lò, torí òun fúnra rẹ̀ kò tíì yọ. Ewéko tó ti ń yọ òdòdó nínú ìkòkò kékeré ń ná agbára rẹ̀ sórí òdòdó dípò gbòǹgbò. Èyí tó ní ewé tútù yọ̀yọ̀ láìsí òdòdó ló sàn láti rà.

Màmá onílé tún fẹ́ fi irúgbìn ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn, ìyẹn sì ti sọ fún un pé òun ní black-eyed Susan lára ọgbà òun tẹ́lẹ̀. Thunbergia alata nìyẹn, ewéko afàgbà tó wá láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tó ń yọ òdòdó olómi ọsàn tí àárín rẹ̀ dúdú. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló pa wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe ẹbí. Ti Ìbàdàn kò lè la òtútù Maryland já. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó irúgbìn wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ewéko àti ẹran tó ń wọlé wò, kì í ṣe pé kó dì í sínú báàgì láàárín aṣọ.

Ewé tó dúdú

Oṣù Kẹfà ọdún kẹta ni àbàwọ́n bẹ̀rẹ̀ lára 'Goldsturm', láti orí ewé tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ. Ìbú àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 3 sí 6, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búráùn tó fẹ́ dúdú. Nígbà tó yá, wọ́n pàdé ara wọn, ewé náà dúdú láti etí wọ inú, ó sì rọ. Tí ẹ bá fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ojú àbàwọ́n kan, ẹ óò rí àwọn kóró dúdú tíntìntín láàárín rẹ̀. Inú àwọn kóró yẹn ni fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Septoria ń kó ọmọ rẹ̀ sí. Bákítéríà náà lè fa àbàwọ́n tó jọ èyí, àmọ́ tirẹ̀ máa ń ní igun, nítorí pé iṣan ewé ń dá a dúró, kò sì ní kóró nínú. Ti ilé yìí ní kóró.

Omi ló ń gbé Septoria kiri. Inú ewé tó ti kú tó wà nílẹ̀ ló ń sùn sí nígbà òtútù. Tí òjò tàbí omi sprinkler (ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi) bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi á ta á sókè sára ewé tuntun tó wà nísàlẹ̀. Tí ewé náà bá wà ní tútù fún wákàtí púpọ̀, àrùn ti rí àyè wọlé. Nínú àlà yìí, gbogbo ohun tó fẹ́ ló rí. Sẹ̀ǹtímítà 30 péré ni wọ́n fi sáàárín ewéko kan àti èkejì, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí 'Goldsturm' ti ń bímọ, kò sí ibi tí atẹ́gùn lè gbà kọjá mọ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni bàbá onílé ń tan sprinkler, nígbà tó bá tibi iṣẹ́ dé, nítorí náà ewé ń tutù mọ́jú. Ewé ọdún tó kọjá sì wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n da èèpo igi tuntun lé e lórí díẹ̀díẹ̀.

'Goldsturm' ni irú tí Septoria fẹ́ràn jù nínú àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Ó ń ba ẹwà jẹ́, òótọ́ ni, pàápàá ní iwájú ilé tí gbogbo ènìyàn ń wò. Ṣùgbọ́n àwọn 24 tí ewé wọn dúdú jù lọ yẹn ló ṣì yọ òdòdó láti oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án, àwọn náà ló tún hu ewé nígbà tí òtútù lọ. Oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì bíi chlorothalonil kì í wo ewé tó ti lábàwọ́n. Ààbò lásán ni, ẹ gbọ́dọ̀ fọ́n ọn kí àbàwọ́n tó yọ, kí ẹ sì máa tún un fọ́n bí àkọlé ara ìgò bá ṣe sọ. Fún òdòdó iwájú ilé, a kò rò pé ó tó ohun tí ènìyàn ń náwó sí, níwọ̀n ìgbà tí àyè tó tó, omi ìsàlẹ̀ àti ìmọ́tótó lè ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí tó jẹrà

Èyí ló le jù, òun sì ni ẹnikẹ́ni kò rí, torí abẹ́ ilẹ̀ ló wà. 'Goldsturm' mẹ́jọ tó kú wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn àlà náà, gbogbo wọn láàárín mítà 1.2 sí páìpù tó ń gbé omi òjò bọ̀ láti orí òrùlé. Nígbà tí wọ́n hú ọ̀kan jáde, gbòǹgbò rẹ̀ ti di búráùn, ó rọ̀, awọ rẹ̀ ń bọ́ tí wọ́n bá fi ìka fà á, òórùn ẹrẹ̀ tó ti kan sì ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n hú ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn láti fi wé e: gbòǹgbò tiẹ̀ funfun, ó le, ó ń ta kọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ.

Wọ́n gbẹ́ ihò méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, jíjìn sẹ̀ǹtímítà 30. Wọ́n bu omi kún un, wọ́n jẹ́ kó fà tán, wọ́n tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá fi rúlà wo bí omi ṣe lọ sílẹ̀ tó ní wákàtí kan. Ẹ má fo omi àkọ́kọ́ yẹn, torí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń mu omi kíá, á sì tan yín jẹ. Ní ìlà-oòrùn, omi lọ sílẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 6. Ní ẹ̀gbẹ́ páìpù, kò tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ohun tó bá ti wà lábẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5 ní wákàtí kan, omi kò jáde níbẹ̀ dáadáa.

Omi òrùlé nìkan kọ́ o. Ọdọọdún ni wọ́n ń da èèpo igi tuntun lé ti àtijọ́ láìkó ìkankan kúrò, wọ́n sì ń kó o jọ sí ìdí òdòdó gan-an, níbi tí ewé ti ń yọ lójú ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyè ewéko yìí wà nígbà òtútù, tí ohun gbogbo tó wà lókè bá ti gbẹ. Nígbà yẹn kì í mu omi, ó ń sùn. Tí omi bá wá dúró yí i ká láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, yóò jẹrà. Òtútù fúnra rẹ̀ kò lè pa á ní Bowie. Ewéko yìí ń la òtútù tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ já ní àríwá Amẹ́ríkà.

Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sanwó kó dànù ńkọ́? Wọ́n bu díẹ̀díẹ̀ láti ojú ibi mélòó kan nínú àlà náà, jíjìn sẹ̀ǹtímítà 15, wọ́n pò ó pọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò. pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, jẹ́ 6.4. Láàárín 6.0 sí 7.0 ni òdòdó yìí ń fẹ́. Ilẹ̀ amọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ black-eyed Susan fara da ilẹ̀ amọ̀ bí omi kò bá ti dúró lórí rẹ̀. Alágbàṣe náà tún ti dábàá yanrìn. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò: yanrìn díẹ̀ nínú amọ̀ máa ń dì mọ́ ara wọn, ilẹ̀ náà á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tí wọ́n yàn, àti èyí tí wọ́n fi sílẹ̀

Oòrùn kò ṣe ìṣòro. Ìwọ̀n wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ló kéré jù, àlà yìí sì ń rí tó méje. Ohun tó ká wọn lọ́wọ́ kò ni ìbú sẹ̀ǹtímítà 90 àti fèrèsé tó wà lókè rẹ̀. Èyí ló yọ Rudbeckia laciniata kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù, torí ó máa ń ga ju mítà 2 lọ. Rudbeckia maxima náà ga tó bẹ́ẹ̀. Rudbeckia triloba kì í sábà ní Septoria, àmọ́ kì í pẹ́ láyé, wọ́n sì ti rẹ̀ láti máa tún gbìn. Rudbeckia fulgida var. fulgida, èyí tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta ewéko ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ì bá dára gan-an. Ara rẹ̀ le sí àrùn ju 'Goldsturm' lọ.

'American Gold Rush' ni wọ́n mú níkẹyìn. Brent Horvath ní Illinois ló mú un jáde, Perennial Plant Association sì yàn án ní ewéko ọdún 2023. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní irun, Septoria kì í sì í ráyè lára rẹ̀ bíi ti 'Goldsturm'. Ó máa ń fẹ̀ dáadáa, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 60 ni wọ́n fi sáàárín ọ̀kan àti èkejì: mẹ́jọ lẹ́yìn, méje níwájú, tí ti iwájú ń wo àlàfo ti ẹ̀yìn. Márùn-ún-dín-lógún rọ́pò 48. Lọ́dún àkọ́kọ́, ilẹ̀ máa ń hàn láàárín wọn, ojú kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú, tí wọ́n á lọ ra méjìlá sí i láti fi dí àlàfo.

Ìkòkò kékeré, èyí tó ń gba bíi lítà kan, ni wọ́n rà, kì í ṣe ńlá. Owó rẹ̀ kéré, gbòǹgbò rẹ̀ sì tètè ń wọ inú ilẹ̀ amọ̀. Ẹ yọ ewéko kan kúrò nínú ìkòkò kí ẹ tó sanwó. Tí gbòǹgbò bá ti yí ara rẹ̀ ká bírí bírí, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀.

Iṣẹ́ oṣù Kẹrin

Wọ́n dúró kí ilẹ̀ gbẹ tó. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀, kí ẹ fún un, kí ẹ wá fi ìka tì í. Tó bá fọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Tó bá kàn tẹ̀ bí amọ̀ ìkòkò, ẹ lọ sinmi, torí ẹni tó bá ro ilẹ̀ amọ̀ ní tútù yóò bá òkúta nígbà ooru.

Gbogbo èèpo igi àtijọ́ àti ewé òkú ni wọ́n kó sínú báàgì ìdọ̀tí, wọn kò dà á sórí ààtàn ajílẹ̀ wọn. Wọ́n fi páìpù mítà 3 gun ti òrùlé kí omi lè lọ bọ́ sórí koríko níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Wọ́n gbé mítà 1.5 ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ga sí i ní sẹ̀ǹtímítà 15, èyí tó gba ilẹ̀ bíi lítà 200. Wọn kò jẹ́ kí ilẹ̀ náà kan pákó ara ògiri; ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ti ń pe ikán wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ìlẹ̀dú ajílẹ̀ jíjẹrà sí gbogbo àlà, nínípọn sẹ̀ǹtímítà 5. Fún mítà 5 lọ́nà sẹ̀ǹtímítà 90, lítà 225 nìyẹn, ìyẹn báàgì mẹ́jọ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, lóòró àti ní gíga. Wọ́n fi fọ́ọ̀kì oko pò ó mọ́ ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 20.

Wọ́n gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan kó jìn tó ìkòkò gẹ́lẹ́, kó sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Wọ́n fi ìka tú etí gbòǹgbò. Ojú ilẹ̀ inú ìkòkò bá ojú ilẹ̀ àlà dọ́gba, ní ẹ̀gbẹ́ páìpù wọ́n jẹ́ kó yọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 1. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ènìyàn á gbìn ín jìn kó lè "dúró dáadáa", tí ìdí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà ní òtútù àkọ́kọ́. Lítà omi méjì ni ewéko kọ̀ọ̀kan gbà lójú ẹsẹ̀. Èèpo igi tuntun kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó sì jìnnà sí ìdí òdòdó ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin.

Wọn kò fi ajílẹ̀ oníkẹ́míkà kankan sí i. Naitrójìn tó bá pọ̀ máa ń mú kí ọ̀pá òdòdó gùn láìlágbára, kó sì wó lulẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú koríko wọn ti ń fọ́n ajílẹ̀ koríko kọjá sínú àlà náà láti ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró ní mítà kan sí i.

Omi ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ́sẹ̀, òjò pẹ̀lú rẹ̀. Fún àlà yìí, lítà 112 ni. Agolo ẹja tó ṣófo ni wọ́n gbé sílẹ̀ láti fi wọn òjò. Tí òjò kò bá tó, rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ tó sùn sílẹ̀ lábẹ́ èèpo igi ló ń kún un, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kùtù. Sprinkler ti di ti koríko nìkan.

Àwọn 'Goldsturm' 24 tó kù kò di ìdọ̀tí. Ìgbà tí ọ̀mùnú wọn ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 ni wọ́n hú wọn. Wọ́n fi ọ̀bẹ mímú gé etí agbo kọ̀ọ̀kan kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ní ọ̀mùnú mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n da àárín tó ti gbó nù, wọ́n já gbogbo ewé àtijọ́, wọ́n sì fi omi ṣan gbòǹgbò. Méjìlá lọ sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá ọgbà onípákó, ní sẹ̀ǹtímítà 60 síra wọn. Ìyókù lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìjọ wọn, pẹ̀lú àlàyé kedere nípa Septoria. Kò dára kí ènìyàn fi àrùn ta ẹlòmíràn lọ́rẹ láìsọ.

Ní ti hirta, màmá onílé kò fẹ́ pàdánù òdòdó ńlá yẹn. Mítà 2 níbùú lóròó ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí lẹ́tà, láìfi èèpo igi sí i rárá kó lè máa gbin ara rẹ̀. Irúgbìn náà kéré débi pé gíráàmù kan lé ní 3,000, nítorí náà ìdámẹ́rin gíráàmù tó fún mítà kan níbùú lóròó. Wọ́n pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kọ́ọ̀bù kan kó lè tàn káàkiri, wọ́n fọ́n ọn ní oṣù Kọkànlá, wọ́n sì fi ẹ̀yìn pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀. Tí ẹ bá bò ó ju mìlímítà 3 lọ, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì ní hù dáadáa. Tó bá hù, ẹ já a kó ku ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 30 síra.

Bó ṣe rí lẹ́yìn náà

Ehoro ló kọ́kọ́ dé. Láàárín oṣù Karùn-ún, ó ti jẹ mẹ́rin nínú 15 dé ilẹ̀. Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin gíga sẹ̀ǹtímítà 60 yí àlà náà ká, ihò rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2.5, wọ́n ri etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hu padà, torí ìdí wọn kò kúrò nílẹ̀. Tí ewéko bá ti gbó, tí irun rẹ̀ ti le, ehoro kì í fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ní oṣù Kẹfà, kòkòrò dúdú ẹlẹ́gùn-ún jẹ ewé mélòó kan láti etí dé etí. Ọmọ labalábá tó ń jẹ́ silvery checkerspot ni, ewé Rudbeckia sì wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀, ewé mìíràn hù lẹ́yìn rẹ̀.

Òdòdó 'American Gold Rush' bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje, ewé rẹ̀ mọ́ títí di ìgbà ìwọ́wé. 'Goldsturm' ẹ̀yìn ilé tún ní àbàwọ́n, àmọ́ orí ewé ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ. Ọjọ́ tí ara ewé bá gbẹ ni wọ́n ń gé e, wọ́n sì ń fi ọtí 70% nu àlùmọ́gàjí láti ìdí kan sí òmíràn. Ìdámẹ́ta ewé ni òpin ohun tí ẹ lè gé lẹ́ẹ̀kan.

Lára àwọn hirta mẹ́ta tó hù fúnra wọn lẹ́bàá kọnkéré, ọ̀kan yọ òdòdó aláwọ̀ ewé, tó lọ́, tí àárín rẹ̀ ń hu ewé kéékèèké. Aster yellows nìyẹn, kòkòrò afàmu tó ń fò láti ewé dé ewé ló ń gbé e. Kò ní oògùn. Wọ́n hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò lọ́jọ́ náà.

Orí òdòdó tó gbẹ kò ṣeé gé dànù pátápátá, nítorí ẹyẹ goldfinch ń jẹ irúgbìn rẹ̀ nígbà òtútù, síbẹ̀ ewé tó ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ sùn nílẹ̀. Wọ́n wá kó gbogbo ewé tó wà nílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀ ní òró, wọ́n sì gé ọ̀pá náà kù sẹ̀ǹtímítà 10 ní oṣù Kẹta, kí ewé tuntun tó gòkè.

Ìkọsẹ̀ kan ṣoṣo ni páìpù. Òjò ńlá kan ní oṣù Kẹjọ yọ oríkèé rẹ̀, omi òrùlé sì padà sínú àlà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó mọ̀. Ewé ewéko méjì pọ́n, ọ̀kan kú. Wọ́n fi skúrù mẹ́ta de oríkèé náà pinpin, wọ́n sì gbin òmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, kí ó lè ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láti ta gbòǹgbò kí ilẹ̀ tó dì.